Ohun Tó Wúwo Kì í Tètè Dúró

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta, 1992

Mo ra ìwé tuntun. Veronica ìyàwó mi ní ọkọ tó ń kọ gbogbo ohun tó ṣe sínú ìwé ń fọwọ́ ara rẹ̀ wá ẹjọ́. Mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ìdánwò àṣejáde ku oṣù mẹ́ta. Mo fẹ́ kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí n lè mọ ibi tí mo ti ṣe é dáadáa, kí n tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Mọ́kànlélógún ni àwọn tó fẹ́ ṣe físíìsì ní ilé ìwé wa ní Ìsúàdà lọ́dún yìí. Lọ́dún tó kọjá, ẹni mẹ́ta péré ló yege, gbogbo Ọ̀wọ̀ sì gbọ́. Ọdún yìí yàtọ̀, nítorí Ìbídàpọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún ni, kò ní bàbá, kò ní ìyá, ìyá àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ. Ó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́, àwọn ọkùnrin kíláàsì rẹ́rìn-ín. Wọn kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹta

Lónìí ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí ohun tó ń yí. Mo ní kí Àbúdùlàhí, tó ga tó sì lágbára jù nínú wọn, máa ti ilẹ̀kùn kíláàsì láti ìdí àgbékọ́, níbi tó ti so mọ́ ògiri. Mo ní kí Ìbídàpọ̀ tì í padà láti etí kejì, kó fi ọwọ́ kan péré tì í. Àbúdùlàhí làágùn títí, Ìbídàpọ̀ kò tilẹ̀ mí kanlẹ̀. Kíláàsì hó yèè. Àbúdùlàhí ní ààwẹ̀ ló fà á, pé òní ni àwọn bẹ̀rẹ̀. Mo ní kì í ṣe ààwẹ̀, jíjìnnà ni. Ẹni tó bá jìnnà sí ibi tí ohun kan ti ń yí, agbára díẹ̀ ti tó o. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

N kò ní iṣẹ́ mìíràn tí mo lè ṣe láyé yìí tó dùn tó èyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹta

Wọ́n ní náírà tún ti já wálẹ̀. Gàrí kóńgò kan ti gun òkè, wọn kò sì ní bẹntiróòlù ní ilé epo méjèèjì tí mo dé kí n tó gun alùpùpù lọ sí Ìsúàdà. Ooru mú bí ẹni pé ẹnì kan dáná sábẹ́ ilẹ̀.

Nínú yàrá tí a ń pè ní láàbù, ìgò mẹ́fà àti alángbá kan ló wà. Mo lọ bá Jímọ̀ tó ní ilé ìlọ gbágùúdá lẹ́bàá ọ̀nà oko. Mo ní mo fẹ́ kó àwọn ọmọ wá wo wíìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, wíìlì yìí náà ti di ìwé?” Mo ní ìwé ni. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní òun á nù ún.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹta

N kò lè kọ ohunkóhun lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lọ́kàn ara mi.

Aago méjì kọjá díẹ̀ la dé ibẹ̀. Ilé ìlọ Jímọ̀ kò ju páànù lórí òpó mẹ́rin lọ. Ẹ́ńjìnnì kan wà níbẹ̀ tó ń mu dísẹ̀lì, wíìlì irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ga dé ìbàdí mi, bẹ́líìtì kan sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń lọ gbágùúdá. Mo fẹ́ kí wọ́n ka iye ìgbà tí wíìlì yóò yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, bó ti ń rẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá pa ẹ́ńjìnnì. Ìbídàpọ̀ tú síkáàfù funfun orí rẹ̀, a so ó mọ́ ọ̀kan nínú apá wíìlì kí ojú lè tètè rí i.

Ìgbà àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Nígbà kejì, Jímọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó gbé búùtà, ó ní òun ń lọ ṣe àlùwàlá. Ó tún yíjú padà. Ó ní, “Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án o. Kò tíì sùn.” Mo ní mo gbọ́.

Wíìlì náà rẹlẹ̀. Ó rẹlẹ̀ débi pé mo ń ka apá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Síkáàfù ti tú, ó fẹ́ já bọ́. Èmi Rufus Ọbayẹmí, tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ físíìsì ní yunifásítì, mo ní, “Ìbídàpọ̀, yọ aṣọ yẹn kí a tún un so.” Ohùn mi kò ròkè. Àwọn yòókù ń jiyàn lórí iye tí wọ́n kà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Apá wíìlì gbé ọwọ́ náà lọ sáàárín ara rẹ̀ àti irin ìdí ẹ́ńjìnnì. Wíìlì kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni pé nǹkan dí i lọ́nà. Ó kàn ń lọ ní tirẹ̀ ni.

Nínú ìwé ìlànà iṣẹ́ mi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo kọ ọ́ sí pé n óò kọ́ wọn pé ohun tó bá wúwo, bó ti wù kó rọra máa yí, kò ní í tètè gbọ́ “dúró.” Ọ̀sẹ̀ yìí, bí nǹkan ṣe ń yára yí nìkan ló kàn. Bí ìwé ṣe tò ó nìyẹn, èmi kì í sì í fo ojú ìwé.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹta

Dókítà ti gé ìka mẹ́rin. Àtàńpàkò nìkan ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ọ̀gá ilé ìwé wá sí ọsibítù pẹ̀lú ọlọ́pàá kan. Ìyá àgbà jókòó ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú. Ọlọ́pàá béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kí n tó mí, Ìbídàpọ̀ ní, “Èmi ni mo na ọwọ́ síbẹ̀ fúnra mi, sà. Ẹnikẹ́ni ò rán mi.” Ó wò mí nígbà tó sọ ọ́. Mo la ẹnu. Ọ̀gá ní, “Ọ̀gbẹ́ni Ọbayẹmí, ó ti tó, ẹ jẹ́ kó sinmi.” Mo pa ẹnu mi dé.

Kì í ṣe pé wọ́n pa á mọ́ mi lẹ́nu. Mo dúpẹ́ lọ́kàn mi pé wọ́n dá mi dúró. Irú èèyàn wo nìyẹn?

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹta

Ọ̀gá ti kọ ìròyìn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ni ilé ìlọ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àwọn àgbà ìlú ti ti ilé ìlọ Jímọ̀ pa. Àwọn obìnrin ń ru gbágùúdá lọ sí Ọ̀wọ̀ báyìí. Mo pàdé mẹ́ta nínú wọn lójú ọ̀nà, tìgbá tìgbá lórí. Wọ́n kí mi, “Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Ẹ kú àjálù ọmọ yẹn o.” Mo ní, “Ẹ ṣé.”

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹta

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Mo dé ọsibítù, aṣọ mi rin gbingbin. Ìbídàpọ̀ ń wo òkè àjà. Ó ní, “Sà, lójú tèmi, ó ti fẹ́ẹ̀ dúró. Kí ló dé tí kò dúró?”

Mo jókòó, mo sì kọ́ ọ. Kí ni n bá tún ṣe? Mo ní bí o bá ń ti ọmọlańke òfìfo, ọwọ́ kan lo máa fi dá a dúró. Èyí tí wọ́n di síméǹtì kún ńkọ́? Ó ní, “Kò ní í gbọ́.” Mo ní ti ohun tó ń yí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe bó ti wúwo tó nìkan la ń wò, a tún ń wo ibi tí ìwúwo náà wà. Wíìlì Jímọ̀, etí rẹ̀ ni wọ́n kó irin sí, ibi tó jìnnà jù sí àárín. Bí ìyára rẹ̀ bá dín sí ìdajì, agbára inú rẹ̀ á ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn ṣì ju ọwọ́ èèyàn lọ fíìfíì.

Ó ṣírò rẹ̀ lórí, ó mi orí. Ó wá ní, “Ẹ ò tíì kọ́ wa ní ìyẹn ni, sà.”

Kò fi bú mi. Ó kàn ń to ẹ̀kọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ kó tò ó ni. Mo jáde, mo lọ dúró lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọsibítù, mo sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹrin

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Mo lọ kí Jímọ̀ nílé rẹ̀ nínú ìgboro Ọ̀wọ̀. Lọ́dún tó kọjá, àgbò ló pa. Lọ́dún yìí, adìyẹ kan ni. Kúbúrá ìyàwó rẹ̀ bu ìrẹsì fún mi, ẹran tó wà lórí rẹ̀ tóbi ju ti ọkọ rẹ̀ lọ.

Mo bi Jímọ̀ bóyá ó ti sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun kìlọ̀ fún mi kó tó lọ. Ó ní, “Ta ló bi mí?” Ó ní, “Ẹ jẹun, Tíṣà. Ọdún ni.” Mo jẹ ẹ́. Ó dà bí iyanrìn lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹrin

Ìbídàpọ̀ ti wà nílé. Mo mú bírò lọ, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Ìyá àgbà já bírò náà gbà. Èdè Ọ̀wọ̀ ló ń sọ, èmi ọmọ Àkókó sì ń gbọ́ ọ. Mo tú u sí Yorùbá ilé ìwé níbí. “Ọwọ́ òsì? Ọwọ́ tí a fi ń nu ìdí? Tíṣà, o ti gba ọ̀tún lọ́wọ́ ọmọ mi, o tún fẹ́ fi òsì sọ ọ́ di aláìlẹ́kọ̀ọ́? N ò gbà.”

“O ti gba ọ̀tún.” Ohun tó sọ nìyẹn. Mo wo ojú rẹ̀, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìbínú lásán ni, mo rò bẹ́ẹ̀.

Kò jẹ̀bi. Èmi náà ti na ọmọ rí nítorí ọwọ́ òsì, lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé. Ọlámúyìwá lorúkọ rẹ̀. Mo nà án títí ó fi gbé bírò sí ọ̀tún, ìwé rẹ̀ kò sì dùn ún kà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹrin

Ìyá àgbà ránṣẹ́ pè mí. Mo dé bẹ̀, mo bá Ìbídàpọ̀ lórí àpótí, bírò wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ahọ́n wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Ìyá náà ní, “Mo bi í pé bí kò bá kọ̀wé mọ́, kí ló máa ṣe. Ó ní òun á jókòó tì mí títí n ó fi kú, lẹ́yìn náà òun á wá jókòó ti ara òun. N ò lè jẹun láti àná.” Ó ní kó máa fi kọ̀wé, àmọ́ kò gbọdọ̀ fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Mo ní mo gbà.

A kò kọ ju “a” àti “b” lọ lónìí. “b” ń ṣubú sẹ́yìn.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹrin

Ọdún Àjíǹde. N kò dìde lọ gba ara Olúwa. Veronica wò mí láti ẹ̀gbẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kẹrin

Mo yá àga ọ́fíìsì kan tó ń yí lọ́wọ́ akọ̀wé kan ní Ọ̀wọ̀, mo dè é mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ń pariwo, “Tíṣà, ọba wo lẹ gbé ìtẹ́ lọ fún?”

Mo gbé Ìbídàpọ̀ jókòó sórí rẹ̀ nínú kíláàsì. Ó yẹ kó di òkúta mú lọ́wọ́ méjèèjì, kó na apá. Ọ̀tún kò lè di nǹkan mú, Àbúdùlàhí bá bọ́ bẹ́líìtì ara rẹ̀, ó fi de òkúta kan mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò ara rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì yí àga. Mo ní, “Kó apá mọ́ àyà!” Ó kó o mọ́ àyà, àga náà fò yí bí òkòtó. Ìbídàpọ̀ kígbe, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti oṣù Kẹta nìyẹn. Ó yí padà sí kíláàsì, òòyì ń kọ́ ọ, ó ní, “Kò sí ẹni tó fi agbára kún un. Èmi ni mo kó ara mi jọ.”

Mo ti ń kọ́ni láti ọdún mọ́kànlá, n kò tíì gbọ́ kí ọmọ kan ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Karùn-ún

Ìlà méje ni Ìbídàpọ̀ ń kọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn yòókù ń kọ ogún. Ohun tó wà lórí rẹ̀ kò ní í lè jáde tán kí aago tó lù. Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ní Àkúrẹ́ láti béèrè bóyá wọ́n lè fi àkókò kún tirẹ̀. Wọ́n kí mi dáadáa. Wọ́n ní ìwé ẹ̀bẹ̀ irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wọlé láti oṣù Kejì. Ní oṣù Kejì, ìka rẹ̀ pé mẹ́wàá.

Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ti di ìlọ́po méjì. Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti gáréèjì délé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Karùn-ún

Ìlà mọ́kànlá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹfà

Físíìsì lónìí. Wọn kì í jẹ́ kí olùkọ́ tó kọ́ wọn wọ inú gbọ̀ngàn, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti aago mẹ́sàn-án. Òjò ṣú, kò rọ̀. N kò gbàdúrà. Ojú ń tì mí láti béèrè nǹkan.

Ó jáde kẹ́yìn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gbọ̀n, ó fi èyí tó kù lára ọ̀tún dì í mú. “Mẹ́rin ni mo ṣe tán nínú márùn-ún, sà. Ìkarùn-ún, mo kọ ìlà méjì.” Mo bi í bóyá ti wíìlì wá. Ó ní ìbéèrè kẹta ni, èyí lòun sì kọ́kọ́ ṣe. Mo bi í bóyá ó mọ ọ́n. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. “Sà. Ta ló tún fẹ́ mọ̀ ọ́n jù mí lọ?”

Ó ní nígbà tí òun na ìwé sí ọkùnrin tó ń ṣọ́ wọn, àlejò ni, ó gbaná jẹ. Ó ní, “Ọmọ yìí, ọwọ́ òsì lo fi ń nawọ́ nǹkan sí bàbá rẹ?” Ìbídàpọ̀ gbé ọ̀tún sókè fún un. Ó ní ọkùnrin náà bẹ òun títí ẹ̀bẹ̀ náà fi sú òun.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹfà

Ìyá àgbà ní kí n wá jẹun lọ́sàn-án. Mo dé bẹ̀, iyán ti wà nílẹ̀, ẹran òkété nínú ọbẹ̀, àwo tí wọ́n fi bò ó jẹ́ èyí tí wọn kì í gbé jáde lásán. N kò tíì jókòó tí ìyá náà kúnlẹ̀. Arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún ó lé. Ó ní, “Ẹ ṣé o, Tíṣà. Ẹ ò jẹ́ kó jókòó ti ara rẹ̀.” Láti oṣù Kẹta ló ti ń pè mí ní “ìwọ.” Lónìí, “ẹ” ni.

N kò lè gbà á. Mo wólẹ̀ níwájú rẹ̀, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti ẹ̀. Mo ní, “Mà, ẹ dìde. Èmi ni. Èmi ni mo ní kó yọ aṣọ náà. Jímọ̀ kìlọ̀ fún mi, mo sì rán ọmọ yín síbẹ̀. Kò na ọwọ́ fúnra rẹ̀. Irọ́ ló pa láti fi bò mí, mo sì jẹ́ kó bò mí fún oṣù mẹ́ta.”

Ìbídàpọ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, “Sà!” Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn bá rí i pé ohun tí òun gbé ti bọ́.

Ìyá àgbà dìde. Ó pẹ́ kó tó dìde tán, orúnkún rẹ̀ kò gbọ́. Ó jókòó lórí àpótí. Ó ní, “A mọ̀.”

Mo gbé ojú sókè.

“Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, kí wọ́n tó fún un lábẹ́rẹ́ oorun, ló ti sọ fún mi. Ó ní bí mo bá pariwo, wọ́n á gbé ọ lọ sí ilé ìwé mìíràn ní Ìdóàní, tàbí Ìfọ́n, tàbí sẹ́ẹ̀lì pàápàá, ta ló máa wá kọ́ òun? Ọmọ tí ìka rẹ̀ tó ti rún ṣì wà nínú aṣọ tí wọ́n fi dì í ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá Jímọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo ní ṣé ó lè bá wa ru ẹ̀bi náà títí ìdánwò á fi parí. Ó ní bó bá jẹ́ fún ọmọ náà, òun á ru u.”

Mo ní kó dárí jì mí. Ó mi orí, kì í ṣe ti bẹ́ẹ̀ ni.

“N ò sọ pé mo dárí jì ọ́. Ìdánwò ìṣirò ku ọjọ́ Ajé. Kọ́ ọ tán ná. Bó bá kọ ọ́ tán, n ó wá sunkún mi, n ó sì bú ọ bó ṣe tọ́. Ìwọ náà á lọ bá àwọn àgbà, wàá ṣí ilé ìlọ Jímọ̀ fún un. Ó dìgbà yẹn.” Ó ṣí àwo. “Jẹun. Iyán ń tutù.”

Mo jẹ ẹ́, omijé ń kán sínú ọbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé kí n dákẹ́. Nígbà tí mo fọ ọwọ́ tán, Ìbídàpọ̀ gbé ìwé ìṣirò wá, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kẹtàlélọ́gọ́rin.